Bí ẹ ṣe lè fi àyè tóóró mú kí iná rìn dáadáa nínú pólímà semikọ́ńdọ́tọ̀

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbọ́ pé tí wọ́n bá há pólímà tó ń gbé iná mọ́ inú ihò tàbí poro tí ìbú ẹ̀ ò ju ìwọ̀nba nánómítà lọ, mobility ẹ̀ (bí ẹrù iná ṣe ń yára rìn nínú ẹ̀ tó) á gòkè, wọ́n á sáré wá móòdù, wọ́n á ṣe é tán, wọ́n á wọ̀n ọ́n, àbájáde á wá burú ju ti fíìmù lásán lọ. Kì í ṣe pé irọ́ ni ohun tí wọ́n gbọ́ o. Àyè tóóró kì í fún pólímà ní agbára tí ò ní tẹ́lẹ̀, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ipá mú un kọjú síbì kan, tí ibi tó kọjú sí bá wá yàtọ̀ sí ibi tí ẹ fẹ́ kí iná gbà, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Torí náà gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìbéèrè kan ló dúró lé: iná yín fẹ́ gba ibo kọjá?

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ọdún 1977 ni Shirakawa, MacDiarmid àti Heeger fi hàn pé tí wọ́n bá fi áyódínì kan polyacetylene, ó máa ń gbé iná gan-an, bẹ́ẹ̀ pólímà ni gbogbo ayé mọ̀ sí ohun tí wọ́n fi ń bo wáyà kí iná má baà gbé èèyàn, ohun tí wọ́n ṣe yẹn ló gba Nobel Kẹ́mísírì ọdún 2000 fún wọn. Láti ìgbà yẹn wàhálà kan náà ló ṣì ń bá wa fínra: iná ń gbà á kọjá lóòótọ́, àmọ́ ìrìn ẹ̀ ò yá. Nínú sílíkónì tó jẹ́ kírísítálì gidi, mobility ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bíi 1400 cm²/Vs. Nínú P3HT, tó jẹ́ pólímà tí gbogbo láàbù fi ń kọ́ṣẹ́, tí ẹ bá rí 0.1 cm²/Vs ẹ ti ṣe dáadáa. Àwọn pólímà tuntun bíi àwọn tí wọ́n fi DPP (ìdì átọ́ọ̀mù kan báyìí) ṣe ti ń kọjá 1 cm²/Vs, èyí tó jẹ́ pé wọ́n ti bá sílíkónì tí ò ní kírísítálì dọ́gba, wọ́n sì ń lé e lọ.

Ibi tí iná ń gbà

Ẹ̀wọ̀n gígùn moléékù ni pólímà, ẹ wo ẹ̀wọ̀n P3HT kan ṣoṣo. Ó ní eegun ẹ̀yìn tí iná ń bá lọ, ó sì ní àwọn ìrù tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìrù yẹn ló jẹ́ kó lè yọ́ nínú sọ́fẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n iná ò lè gba ibẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù fún ẹrù iná (ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, tàbí àyè tó fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hole) ni kó máa bá eegun ẹ̀yìn lọ tààrà. Tí kò bá rí ìyẹn, kó fò bọ́ sára ẹ̀wọ̀n míì tó dojú kọ ọ́, àlàfo àárín àwọn méjèèjì ò ju bíi 3.8 Å lọ (Å kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá nánómítà), ó ṣeé fò, ó kàn ń fa ìrìn sẹ́yìn ni. Èyí tó kù ni kó gba àárín àwọn ìrù kọjá, ibẹ̀ tó bíi 16 Å, ẹ kà á sí pé kò sí ọ̀nà níbẹ̀ rárá.

Nínú fíìmù tí ẹ kàn spin coat (kí ẹ kán omi pólímà sórí ohun tó ń yí kíákíá kó lè tẹ́) sórí gíláàsì, àwọn ẹ̀wọ̀n yìí á wé mọ́ra bí òwú tó ta kókó, ibì kan á tò, ibì kan á dàrú, àwọn ibi tó tò gan-an á kọjú sí oríṣiríṣi ìhà. Ẹrù iná á sáré dé ibi tó dàrú, á há síbẹ̀, á wá máa dúró de ooru kó tó lè fò jáde, bẹ́ẹ̀ agbára tí ooru inú yàrá lè fún un ò ju bíi 25 meV (meV jẹ́ ìwọ̀n agbára kékeré) lọ, tí kòtò tó há sí bá wá jìn tó ìlọ́po mẹ́rin márùn-ún iye yẹn, ó máa pẹ́ níbẹ̀ gan-an ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn pólímà yìí, tí ẹ bá mú nǹkan gbóná díẹ̀ mobility á gòkè, òdìkejì ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin.

Tí àyè bá wá tóóró débi pé ìbú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju gígùn ẹ̀wọ̀n tàbí ìwọ̀n kírísítálì lọ, ẹ̀wọ̀n ò ní ráyè ká kò mọ́, ògiri á máa tì í, kírísítálì tó fẹ́ dàgbà sí ìhà ògiri á kọlù ú, á dúró, èyí tó kọjú sí ìhà tó ṣí sílẹ̀ nìkan ló máa ráyè dàgbà. Gbogbo iṣẹ́ tí àyè tóóró ń ṣe kò ju ìyẹn náà lọ, ìyókù ni bí ẹ ṣe máa lò ó.

Tíráńsísítọ̀ ni àbí sólà?

Ìbéèrè yìí ni kí ẹ dáhùn kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Nínú tíráńsísítọ̀, iná ń sáré nílẹ̀ẹ́lẹ̀, láti source (ibi tó ń gbà wọlé) lọ sí drain (ibi tó ń gbà jáde), àwọn ìpele pólímà díẹ̀ tó sún mọ́ dielectric (ìpele tí kì í gbé iná, tó wà láàárín pólímà àti gate tó ń darí iná) jù ló sì ń gbé e, ohun tó wà lókè pátápátá ò fi bẹ́ẹ̀ kópa. Nínú sólà àti nínú dáyóòdù tó ń tan ìmọ́lẹ̀, iná ń gòkè tàbí kó máa sọ̀ kalẹ̀ láàárín fíìmù. Ẹ̀wọ̀n tó dúró lórí ẹ̀gbẹ́ tó sì to léra nílẹ̀ẹ́lẹ̀ dáa fún tíráńsísítọ̀, èyí tó dojú bolẹ̀ tàbí tó nàró ló dáa fún sólà. Ní 1999 Sirringhaus àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Cambridge fi P3HT ṣe tíráńsísítọ̀ tí ẹ̀wọ̀n dúró lórí ẹ̀gbẹ́ àti èyí tí ẹ̀wọ̀n dojú bolẹ̀, mobility àwọn méjèèjì fi ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ jìnnà síra. Orúkọ pólímà kan náà ni o, ibi tó kọjú sí nìkan ló yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí ò ní há P3HT mọ́ inú ihò tó nàró kó wá máa wọ̀n ọ́n nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ pólímà yín wò

Ẹ má fi ẹ̀wọ̀n kúkúrú ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀wọ̀n kúkúrú máa ń tò dáadáa, kírísítálì ẹ̀ máa ń rẹwà lójú, àmọ́ iná ń kú sáàárín kírísítálì kan sí èkejì torí kò sí ẹ̀wọ̀n tó gùn tó láti so wọ́n pọ̀. Èyí tó gùn lè rí jákujàku lójú X-ray kí mobility ẹ̀ sì fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ti kúkúrú lọ, torí ẹ̀wọ̀n kan lè wà nínú ibi méjì tó tò lẹ́ẹ̀kan náà, á wá di afárá. Gùn jù náà ò dáa ṣá, ó máa ń nípọn jù nínú sọ́fẹ́ǹtì, kì í sì wọ ihò. Fún P3HT, ẹ wá èyí tó jẹ́ regioregular (tí ìrù ẹ̀ tò létòlétò), tó wà ní bíi 30 sí 60 kDa (bí ẹ̀wọ̀n ṣe wúwo tó), ẹ yọ́ ọ nínú chlorobenzene tàbí dichlorobenzene ní bíi 5 sí 10 mg/ml, ẹ gbé e gbóná díẹ̀ kó yọ́ tán, ẹ sẹ́ ẹ kí ìdọ̀tí má baà dí ihò yín. Sọ́fẹ́ǹtì wọ̀nyí ò dáa fún mímí o, abẹ́ fume hood (àpótí tó ń fa afẹ́fẹ́ burúkú jáde) ni kí ẹ ti ṣe é.

Poro ló rọrùn jù

Tó bá jẹ́ tíráńsísítọ̀ ni ẹ ń ṣe, ọ̀dọ̀ poro ni kí ẹ lọ, mi ò rò pé ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ na owó sórí nǹkan míì. Heeger àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Santa Barbara ló mú un gbajúmọ̀ ní bí ọdún 2012 sí 2014: wọ́n mú pépà àfidán tó ní eruku dáyámọ́ńdì lára, wọ́n fi ha ojú silicon oxide sí ìhà kan ṣoṣo, poro tín-ín-rín á wà lórí ẹ̀, wọ́n á wá jẹ́ kí pólímà gbẹ díẹ̀díẹ̀ lórí ẹ̀, àwọn ẹ̀wọ̀n á sì bá poro náà lọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ di wafer (pẹlẹbẹ sílíkónì) mọ́lẹ̀, ẹ fa pépà náà lójú ẹ̀ sí ìhà kan, ẹ má fà á lọ fà á bọ̀, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ jù, poro tó jin nánómítà díẹ̀ ti tó, èyí tó bá jìn jù á kàn gé fíìmù yín sí wẹ́wẹ́ ni. Ẹ fi acetone fọ̀ ọ́ nínú sonicator (ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọn ìdọ̀tí kúrò), ẹ tún fi isopropanol fọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ ẹ gbẹ, ẹ gbé e lọ sábẹ́ UV-ozone. Lẹ́yìn náà ẹ fi silane (kẹ́míkà tó ń lẹ̀ mọ́ ojú oxide), bíi OTS tàbí ọmọ ìyá ẹ̀, bo ojú ẹ̀, kí ẹ̀wọ̀n lè dúró lórí ẹ̀gbẹ́ dípò kó dojú bolẹ̀. Silane tó ní chlorine máa ń bá omi inú afẹ́fẹ́ jà, á sì tú ásíìdì jáde, torí náà inú glovebox (àpótí tí afẹ́fẹ́ ìta kì í wọ̀) tàbí nínú toluene tó gbẹ dáadáa ni. Ibi tó ṣe pàtàkì jù ló kàn báyìí: ẹ má spin coat o. Ẹ gbé gíláàsì kékeré méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òpó, ẹ fi gíláàsì míì bò ó lókè kí àlàfo wà láàárín, ẹ kán pólímà sínú àlàfo yẹn, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kí poro kọjú sí ibi tí omi ń fà sí, ẹ wá fi sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tí ò ní sùúrù fún gbígbẹ yìí ò ní rí ẹ̀wọ̀n kankan tò. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ gbé e gbóná nínú nitrogen kí sọ́fẹ́ǹtì tó kù jáde.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi góòlù tó máa jẹ́ electrode (ibi tí iná ń gbà wọlé àti jáde) sí i, ẹ ṣe àwọn kan tí channel ẹ̀ (ọ̀nà àárín source àti drain) bá poro lọ àti àwọn kan tó dábùú poro, lórí wafer kan náà. Tí méjèèjì bá fún yín ní iye kan náà, poro yín ò ṣiṣẹ́, ohunkóhun tó wù kí AFM (ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yẹ ojú nǹkan wò) fi hàn yín.

Títẹ móòdù mọ́ fíìmù

Stephen Chou ló mú nanoimprint jáde ní 1995, èrò ẹ̀ ò le: ẹ ní fíìmù, ẹ ní móòdù sílíkónì tó ní poro nínú, ẹ mú fíìmù gbóná, ẹ tẹ móòdù mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ ọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi nípa ẹ̀ ni pé nínú poro P3HT tí wọ́n tẹ̀ báyìí, ẹ̀wọ̀n lè nàró, èyí tó dáa fún sólà, ẹ sì lè da ohun tó ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sáàárín poro náà.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ká ní poro móòdù yín jìn ní 100 nm, tí ààyè tó ṣófo sì jẹ́ ìdajì ojú móòdù náà. Ohun tí móòdù máa gbà tó bá kún ni ìdajì 100, ìyẹn 50 nm fíìmù. Tí fíìmù yín bá nípọn ní 80 nm, 30 nm á ṣẹ́kù nísàlẹ̀ tí ò wọ inú poro rárá. Ìpele tó ṣẹ́kù yìí ló ń fi ọ̀pọ̀ èèyàn ṣeré! Kò sí ògiri tó há a mọ́, ẹ̀wọ̀n inú ẹ̀ lè sùn sílẹ̀ bó ṣe wù ú, bẹ́ẹ̀ gbogbo iná tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú poro gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá kó tó dé electrode. Lójú SEM (máíkírósíkópù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù) poro á rẹwà, nídìí mítà kò ní sí ìyàtọ̀. Tí ẹ bá lo fíìmù 55 nm, ohun tó ṣẹ́kù á di 5 nm, ìyẹn ṣeé fara mọ́. Ẹ má sì wá lo 50 gééré, torí tí fíìmù ò bá nípọn dọ́gba níbi gbogbo, àwọn poro kan ò ní kún.

Ẹ fi silane tó ní fluorine bo móòdù kí ó má baà gbá pólímà mú nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́. Fún P3HT, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ láàárín 150 sí 180 °C, kí ẹ má jẹ́ kó dé ibi tó máa yọ́ tán pátápátá, tó wà lókè 220. Nígbà tó bá tó àkókò, ẹ má tú ìtẹ̀ náà sílẹ̀ o, ẹ jẹ́ kó tutù pẹ̀lú ìtẹ̀ lórí ẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ lè gbà kí ẹ tó yọ móòdù. Tí ẹ bá tú u sílẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, poro á wálẹ̀, ẹ̀wọ̀n á sì padà síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ihò álúmínà

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì máa ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ lè ra álúmínà (álúmíníọ̀mù tó ti bá oxygen pọ̀) tó ní ihò tàbí kí ẹ ṣe é fúnra yín pẹ̀lú ọ̀nà tí Masuda àti Satoh gbé jáde ní 1996, tó jẹ́ pé ẹ fi iná bọ́ álúmíníọ̀mù nínú oxalic acid lẹ́ẹ̀mejì. Ní 40 V, ihò kan sí èkejì á jìnnà síra ní bíi 100 nm, ká kàn sọ pé fólítì kan ń fún yín ní 2.5 nm. Tí ẹ bá fẹ́ kí ihò fẹ̀ sí i, ẹ rẹ ẹ́ sínú phosphoric acid, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Tí ẹ bá fẹ́ kí pólímà wọlé, ẹ má rẹ ẹ́ sínú sọ́fẹ́ǹtì kí ẹ wá jẹ́ kó gbẹ, torí sọ́fẹ́ǹtì tó bá jáde á fi ihò sílẹ̀ láàárín, fèrè ni ẹ máa ní, kì í ṣe ọ̀pá tó kún. Yíyọ́ ló dáa. Ẹ fi fíìmù pólímà lé álúmínà, ẹ gbé e sínú vacuum tàbí nitrogen, ẹ mú un gbóná kọjá ibi tó ti ń yọ́, ìyẹn bíi 250 °C fún P3HT, kó lè fúnra ẹ̀ fà wọ inú ihò. Nígbà tó bá kọ́kọ́ ń wọlé, ògiri ló máa ń gùn kó tó wá kún àárín, torí náà ẹ fún un láyè. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, ní ìwọ̀n ooru yẹn oxygen díẹ̀ ti tó láti ba eegun ẹ̀yìn jẹ́, àwọ̀ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ohun tó bá sì ti ṣí láwọ̀ ti tán nìyẹn, ẹ dà á nù.

Lẹ́yìn náà, títutù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Nínú fíìmù ńlá, kírísítálì máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ìdọ̀tí, á sì tàn kálẹ̀. Nínú ihò kéékèèké tí wọn ò kan ara wọn, kálukú ihò ló máa wá ibi tí kírísítálì ti máa bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní ìdọ̀tí kankan nínú, torí náà wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dì, ibi tí wọ́n ti ń dì á wá lọ sílẹ̀ gan-an ju ti fíìmù lọ. Tí ẹ bá mú un tutù kíákíá, á dì láìtò. Ẹ mú un tutù díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sì fi ìpele tín-ín-rín pólímà sílẹ̀ lókè, kí kírísítálì lè ti òkè bẹ̀rẹ̀ kó wá dàgbà wọ inú ihò, kí ìhà tó ń dàgbà yára jù lè bá ihò lọ. Tí ẹ bá nu òkè nù kí ẹ tó gbé e tutù, ẹ ti gé ìyẹn kúrò, àbájáde yín á yàtọ̀.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé bí ihò bá ṣe kéré tó bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dáa tó. Ó ti o! Tó bá kéré jù, ìpele tó lẹ̀ mọ́ ògiri á gba gbogbo àyè, kírísítálì ò ní ráyè, ẹ̀wọ̀n ò sì ní lè mira láti tò. Ní 2005, ẹgbẹ́ McGehee ní Stanford fi P3HT sínú ihò álúmínà tó nàró, mobility hole fi ìlọ́po ogún ju ti fíìmù lásán lọ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ihò wọn ò sì kéré tó bí ẹ ṣe máa rò.

Há a mọ́ inú pólímà míì

Tí ẹ ò bá fẹ́ ògiri líle, ẹ pò ó mọ́ pólímà tí kì í gbé iná. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé èyí ń ṣiṣẹ́, ṣebí ohun tí kì í gbé iná á dí ọ̀nà ni? Ní 2006 wọ́n fi hàn pé P3HT tí ò ju 3% lọ nínú ohun tí wọ́n pò mọ́ pólímà míì tó ń di kírísítálì ṣì lè ṣe tíráńsísítọ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ ò bàjẹ́, torí méjèèjì máa ń pínyà, P3HT á sì kó ara ẹ̀ jọ síbi tí iná ń gbà. Ní 2017, ẹgbẹ́ Zhenan Bao ní Stanford pò pólímà DPP mọ́ SEBS, rọ́bà kan báyìí, ohun tó ń gbé iná wá di okùn tín-ín-rín tí rọ́bà há mọ́, wọ́n na fíìmù náà débi pé ó gùn ní ìlọ́po méjì, mobility ẹ̀ ò kúrò ní ti sílíkónì tí ò ní kírísítálì. Ìdí ẹ̀ ni pé nínú okùn tín-ín-rín, kírísítálì ńlá líle ò ráyè dàgbà, ẹ̀wọ̀n ń mira fàlàlà, tí wọ́n bá nà á kì í sán.

Ṣíṣe ẹ̀ ò le: ẹ yọ́ méjèèjì nínú sọ́fẹ́ǹtì kan náà, kí rọ́bà pọ̀ ju semikọ́ńdọ́tọ̀ lọ, ẹ spin coat, ẹ gbé e gbóná. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ rí rọ́bà tí ò kórìíra pólímà yín jù. Tí wọ́n bá kórìíra ara wọn jù, ẹ máa rí erékùṣù ńláńlá dípò okùn, tí wọ́n bá sì fẹ́ràn ara wọn jù wọn ò ní pínyà rárá. Ẹ dán oríṣiríṣi ìwọ̀n wò, ẹ fi AFM wo òkè, ẹ tún yí fíìmù náà padà kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, torí ìsàlẹ̀ yẹn ló ń kan dielectric.

Fún moléékù kéékèèké bíi TIPS-pentacene tí kì í ṣe pólímà, ẹ wo solution shearing: ẹ fi abẹ tó gbóná fa omi ẹ̀ lórí wafer, fíìmù á tín-ín-rín, á há sáàárín wafer àti ojú afẹ́fẹ́, kírísítálì á wá dì sí ìrísí tí kì í sábà ní. Ní 2011, bí wọ́n ṣe fà á yára jẹ́ kí àlàfo àárín moléékù sún láti 3.33 Å sí 3.08 Å, mobility sì gòkè láti 0.8 sí 4.6 cm²/Vs. Fún èmi, ìyẹn wú mi lórí ju ọ̀pọ̀ móòdù olówó iyebíye lọ.

Ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ

Èyí tí owó ẹ̀ ò pọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ti fi polarizer sẹ́ sí ìhà kan. Ẹ wọ̀n bí fíìmù ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó bá poro lọ àti èyí tó dábùú ẹ̀, bí ìyàtọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀wọ̀n ṣe tò tó. Fún P3HT ẹ tún wo òkè kékeré tó wà ní bíi 605 nm sí èyí tó wà ní bíi 555 nm, tí ti 605 bá ń ga sí i, ẹ̀wọ̀n ti ń nà tààrà. Tí ẹ bá ní X-ray GIWAXS (tó ń rá lójú fíìmù kọjá), ibi tí ẹ máa wá ìrù sí ni q (bó bá ṣe kéré tó ni àlàfo ṣe fẹ̀ tó) bíi 0.38 Å⁻¹, ibi tí ẹ máa wá ìdojúkọra sí ni bíi 1.65 Å⁻¹, ẹ wo èwo ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ èwo ló nàró.

Lẹ́yìn náà, mobility fúnra ẹ̀. Nínú ihò álúmínà, ẹ fi electrode sí òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ fa fólítì sókè, ẹ lo òfin Mott-Gurney, tó sọ pé iná ń bá fólítì lórí fólítì lọ, gígùn ọ̀nà tí iná rìn sì ń pín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nítorí lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn, tí ẹ bá ṣì gígùn náà wọ̀n pẹ̀lú 10%, mobility yín á fi bíi 33% ṣìnà, ẹ fi SEM wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ má fojú bù ú. Ẹ sì rántí pé kì í ṣe gbogbo ojú electrode ló ń gbé iná. Ihò tó fẹ̀ ní 40 nm, tí àárín ọ̀kan sí èkejì jẹ́ 100 nm, ohun tó gbà nínú gbogbo ojú álúmínà ò ju 14.5% lọ, ìyókù jẹ́ álúmínà tí iná ò lè gbà. Ẹni tó bá fi gbogbo ojú electrode ṣírò á kéde mobility tó fi bíi ìlọ́po méje kéré sí ti gidi, á wá sọ pé àyè tóóró ò ṣiṣẹ́.

Nínú tíráńsísítọ̀ òdìkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ya √I (gbòǹgbò iye iná) sí Vg (fólítì gate), tí ìlà náà bá ga fíofío níbẹ̀rẹ̀ tó wá tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ má mú ibi tó ga yẹn lọ kọ ìwé, ibi tí góòlù àti pólímà ti pàdé ló ń ṣe yín báyẹn. Ní 2016 wọ́n fi hàn pé irú ìyẹn lè fi ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bu iyì fún mobility tí ò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ iye ńláńlá tí wọ́n ti ń pariwo tẹ́lẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ ìfura. Ẹ ṣe channel tí gígùn wọn yàtọ̀ síra, ẹ yọ resistance ojú ìpàdé kúrò, ẹ wá mú ibi tí ìlà ti dúró dédé. Nígbà gbogbo, ẹ ṣe fíìmù lásán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, láti inú ìgò pólímà kan náà, lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú ooru kan náà, kó sì nípọn dọ́gba. Láìsí ìyẹn, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ògiri ló ṣiṣẹ́ ni àbí ooru tí ẹ fi yọ́ ọ.

Ohun kan tó kù: tí ẹ bá fẹ́ yọ álúmínà kúrò kí ọ̀pá pólímà lè dá dúró, sodium hydroxide tàbí phosphoric acid máa jẹ ẹ́ tán, àmọ́ tí omi bá ń gbẹ láàárín àwọn ọ̀pá náà, á fà wọ́n lẹ̀ mọ́ra, torí náà ẹ fi freeze-dry (kí ẹ mú un dì bíi yìnyín kí ẹ tó fà á gbẹ) tàbí supercritical CO₂ (CO₂ tí ooru àti ìtẹ̀ ti sọ di ohun tí kì í ṣe omi, tí kì í ṣe afẹ́fẹ́) gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ má tún gbé e gbóná débi tó máa yọ́, ògiri tó ń di ẹ̀wọ̀n mú ti lọ, á tú padà. Tí ẹ bá fẹ́ fi góòlù sí i lórí, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀ nínú evaporator, kí ẹ sì fi nǹkan tutù sábẹ́ ẹ̀.